Gáráàjì Lorin Yẹn

Òórùn ike tó ń yọ́ ni mo fi ń dá Òrẹ́gùn mọ̀ nígbà náà. Kí o tó rí ilé iṣẹ́ kankan rárá, òórùn náà á ti wọ̀ ọ́ nímú, á dúró sí ọ ní ọ̀fun, tí o bá sì ṣíwọ́, á bá ọ délé. Korobá àti abọ́ ike là ń ṣe níbẹ̀, èmi àti ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rọ tèmi kọjú sí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ilé kan náà la tún jọ ń gbé ní Agége, yàrá sí yàrá, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í se oúnjẹ kó má bu tèmi sọ́tọ̀. Ìwọ náà mọ irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ wá á rò pé ìyá kan náà ló bí wa.

Kásẹ́ẹ̀tì kan ló sọ wá di ọ̀mọ̀wé háòsì, orin ijó àwọn òyìnbó. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi tó wà ní London ló gbà á sílẹ̀ látinú rédíò ibẹ̀, tó sì fi rán ẹnì kan sí i. Ohun tó mú kásẹ́ẹ̀tì yẹn yàtọ̀ ni pé ọkùnrin orí rédíò máa ń dárúkọ irú háòsì tó fẹ́ lù kó tó lù ú. Àwa ti rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, ìlù tó ń dún gbì, gbì, gbì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbọ́ "gáráàjì," ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá, nítorí gáráàjì tí àwa mọ̀, ibi tí àwọn ọmọ ọkọ̀ ti ń pariwo pe èrò ni. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́, etí wa là. Irú tó ń jẹ́ ásíìdì kò ṣòro, ó ń han bíi bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó fẹ́ já. Èyí tó ń jẹ́ díìpù máa ń rọra lọ ni, dùùrù rẹ̀ tutù, ẹni tó ń kọrin á máa kọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ sí ọ létí. Gáráàjì ní tirẹ̀ gbóná bí orin ọjọ́ ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi gbogbo ọ̀fun kọ ọ́, dùùrù á sì máa ta lẹ́yìn wọn. Ibi tí wàhálà wà ni ìgbà tí akọrin gáráàjì bá kọ́kọ́ rẹ ohùn sílẹ̀, tó wá jọ díìpù. Ọ̀rẹ́ mi ló kọ́ mi ní ọgbọ́n ẹ̀. Á di ojú, á ní, "Dùùrù ni kó o gbọ́, má gbọ́ ẹnu ẹ̀." Ọgbọ́n náà kò sì tíì tàn mí rí.

Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba sójà gbé dé, fún gbogbo ayé lọ́rùn, èròjà ike tó ń ti òkè òkun wá di àwátì. Ẹ̀rọ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ní ká máa lọ sílé ná, àwọn á ránṣẹ́ pè wá. A ṣì ń retí ìránṣẹ́ náà títí di òní. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Bàbá tèmi ní Ìjẹ̀bú sì ti kìlọ̀ pé kí n má ṣe padà wá bá òun lọ́wọ́ òfìfo. A wá gbọ́ pé òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́yìn òpópónà Allen ń wá DJ kan ṣoṣo, wọ́n sì fẹ́ ẹni tó mọ háòsì dénú. Níwájú ìyàwó rẹ̀ tó ń fún ọmọ lọ́mú, a ṣèlérí pé ẹni tó bá rí iṣẹ́ náà nínú wa ni yóò máa bọ́ èkejì títí ìlú á fi rọ̀.

Ọ̀sán ni wọ́n pè wá. Bíà àná ṣì ń rùn ní gbọ̀ngán náà, wọ́n ti da àwọn àga dé orí tábìlì. Ọ̀gá tó ni ibẹ̀ ti gbé London rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀gá sójà tó wọ aṣọ ilé, jókòó tì í, ó ń mutí. Ọ̀gá ní òun á máa lu àwo, òun á máa nawọ́ sí wa, ẹni tí òun bá nawọ́ sí á sọ irú èyí tó jẹ́. Sójà ní ìyẹn kò dùn. Ó ní tí ẹnì kan bá ṣì í, kí èkejì gbá a létí, kó sì gbá a dáadáa, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí àwa méjèèjì máa lọ. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìwọ náà rántí ayé ìgbà yẹn, tí sójà bá sọ̀rọ̀, àwàdà kọ́. A kò kúrò níbẹ̀, ebi ni kò jẹ́ ká kúrò.

Ásíìdì kọjá, díìpù kọjá, a ò ṣì. Sójà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé eré náà ti sú òun. Ọ̀gá wá fi àwo mìíràn sí i, ó nawọ́ sí mi. Ohùn obìnrin kan jáde, ó rọlẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n dùùrù tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń gbóná bọ̀. Mo ṣe bí ọ̀rẹ́ mi ṣe kọ́ mi, dùùrù ni mo gbọ́.

"Gáráàjì ni, sà."

Ọ̀gá mi orí rẹ̀ pé rárá. Ó ní ṣé n kò gbọ́ bí obìnrin yẹn ṣe ń rọra kọrin ni, díìpù ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí orin náà lọ síwájú díẹ̀, torí mo mọ̀ pé obìnrin náà kò ní pẹ́ gbé ohùn sókè. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, ó kọjú sí ọ̀rẹ́ mi.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo gbọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí. Mo mọ ojú yẹn bí mo ṣe mọ tèmi, mo sì rí i pé ó gbọ́ ohun tí mo gbọ́.

"Díìpù ni, sà."

Ó gbá mi létí. Sójà ní ọwọ́ ọmọdé nìyẹn, kó tún un gbá. Ó tún un gbá, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo gbogbo etí òsì mi, ayé sì dún gooro. Wọ́n gbà á síṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí a délé, ìyàwó rẹ̀ gbé ọmọ jó yí àgbàlá ká, ó sì bu oúnjẹ tèmi fún mi bó ṣe máa ń ṣe. N kò lè jẹ ẹ́. Kí oṣù náà tó parí, mo ti padà sọ́dọ̀ bàbá mi, mo sì jẹ èébú tó ti ń dúró dè mí. Etí òsì mi kò gbọ́ràn dáadáa mọ́ láti ìgbà yẹn.

Àwọn tí mo bá sọ fún máa ń ní ọmọ jòjòló wà nílé, kí ni kó ṣe? Ọmọ yẹn, èmi náà pọ̀n ọ́n rí. Ọ̀gá kò mọ orin, sójà kò sì bìkítà, mo ti gbàgbé àwọn méjèèjì. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ nínú yàrá yẹn pé òótọ́ ni mo sọ. Ó sì ń bínú sí mi bó ṣe ń gbá mi, bíi pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ìyẹn gan-an ni n kò lè gbé mì.

Lẹ́yìn tí àwọn sójà ti gbéjọba sílẹ̀, mo padà sí Èkó, mo ń tún fóònù ṣe ní Computer Village. Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, orí rẹ̀ ti funfun. Òtẹ́ẹ̀lì náà ti kógbá sílé tipẹ́. Ó ní òun ti ń wá mi kiri, òun kì í sùn dáadáa.

"Gáráàjì lorin yẹn," ó ní. "Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Ìwọ lo sọ òótọ́."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń retí láti ọdún wọ̀nyí nìyẹn. N kò gbé ojú kúrò lára fóònù tí mò ń tú.

"Díìpù ni," mo ní. "Ọ̀gá sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà sọ bẹ́ẹ̀."

Ó bẹ̀ mí. Ó ní kí n ṣáà fi ẹnu ara mi sọ pé gáráàjì ni, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ó dúró níbẹ̀ títí àwọn oníbàárà fi ń wò ó, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Mo ti wá mọ̀ pé òtítọ́ tí ẹni méjì péré mọ̀ kò ní ilé mìíràn ju ẹnu àwọn méjèèjì lọ. Lọ́jọ́ tí mo nílò ẹnu tirẹ̀, ó tì í pa mọ́ mi. Nígbà tó yá, ó yí padà, ó bọ́ sáàárín èrò, n kò sì pè é.