Ipasẹ̀ Màmá Lẹ́yìn Òjò

Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mò ń ṣe ní Ìkẹ́nnẹ́. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ọmọ pé, "Tọpasẹ̀ ìtàn yìí dáadáa." Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni tọpasẹ̀, màá ní ìwádìí ni. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n sí nìyẹn títí di àárọ̀ Sátidé kan tí màmá mi jáde nílé tí a ò rí wọn.

Màmá ti dàgbà, ìgbàgbé sì ti ń bá wọn jà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́jọ́ náà. Mò ń po ògì ní kíṣìnnì. Nígbà tí mo fi máa gbé e jáde, àga wọn ti ṣófo, bàtà wọn sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré kiri àdúgbò, kò sẹ́ni tó rí wọn. Mo wá pe àbúrò wọn ọkùnrin, bàbá kan tó ṣọdẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí orúnkún tó dá wọn dúró. Ọ̀kadà ló gbé wọn wá láti Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù.

Bàbá ò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń wo ojú ẹsẹ̀ Màmá lórí ilẹ̀ tútù. Bí mo ṣe fẹ́ kọjá síwájú ni wọ́n fà mí sẹ́yìn.

"Tíṣà, má tẹ̀ ẹ́! Ẹ̀gbẹ́ ipa la máa ń gbà. Tó o bá fi ẹsẹ̀ tìẹ pa á rẹ́, tí ọ̀nà bá wá dàrú mọ́ wa lójú níwájú, kí la máa padà wá wò?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ ká yára."

"Ẹ̀gbọ́n mi ò yára. Wo bí gìgísẹ̀ wọn ṣe wọlẹ̀. Ẹran tó ń sá, ọmọ ìka ló fi ń tẹlẹ̀."

Ọkàn mi rọlẹ̀ díẹ̀. A wọ oko obì. Níbi tí koríko ti bo ilẹ̀, Bàbá na ọ̀pá sí iwájú. Omi òjò wà lórí gbogbo ewé, àfi ìlà tóóró kan tí aṣọ Màmá ti gbọ̀n ọ́n dànù. Èmi ì bá má rí i láé.

Ìdí igi obì kan la ti bá wọn, nínú oko tí ìyá wọn fi sílẹ̀ fún ẹbí. Wọ́n tẹ́ gèlè sílẹ̀, wọ́n ń ṣa obì sínú rẹ̀.

"Ẹ pẹ́ jù," ni Màmá wí. "Èmi nìkan ni mò ń ṣà á látàárọ̀."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi," ni Bàbá dáhùn, wọ́n sì rọra kúnlẹ̀ tì wọ́n. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣà á títí gèlè fi kún.

Nígbà tí à ń darí bọ̀, Bàbá sọ fún mi pé àmì tí ohun tó kọjá bá fi sílẹ̀ ni ipa, pé ipa ẹsẹ̀ ẹran ni àwọn ọdẹ ń tọ̀ kí àwọn alákọ̀wé tó yá ọ̀rọ̀ náà lò.

"Ṣé òun náà ló wà nínú 'nípasẹ̀' ni, Bàbá?"

"Kí ló tún kù? Ibi tí ẹnì kan gbà kọjá ni ìwọ náà gbà débẹ̀."

Láti ìgbà náà, Bàbá máa ń wá ní Sátidé, a ó sì mú Màmá lọ sí oko. Màmá kì í rántí pé a débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti rí igi obì àkọ́kọ́, wọ́n á tú gèlè, wọ́n á sì máa pàṣẹ fún wa.