Odidi Ẹran Ọjọ́ Nọ́ẹ́lì

Títí di òní, bí òórùn ayù bá ti pàdé èéfín èédú nímú mi, Savalou ni ọkàn mi ń lọ tààrà, sí yàrá kan ṣoṣo tí a háyà lẹ́yìn ọjà, níbi tí mo ti ṣe Nọ́ẹ́lì àkọ́kọ́ mi gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ. Ọmọ Bantè ni mí. Ìyàwó ni mo bá dé ìlú àwọn Mahi yẹn, èdè wọn kò sì tíì yọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo lè kí ènìyàn, mo lè ná ata, ó tán. Kútọnu ni ọkọ mi wà, ó ń bá ọ̀gá kan kọ́lé. Láti ọjọ́ ìkómọ ni kò ti fojú kan ọmọbìnrin wa, ọmọ sì ti ń rákò. Ó wá sọ lórí fóònù pé lọ́jọ́ Nọ́ẹ́lì, kí oòrùn tó kan àtàrí, òun á ti dé.

"Ọ̀gá mi ṣe àsè," ó ní, "wọ́n yan ègé ẹran màlúù ńlá kan lódidi, wọ́n fi okùn dì í bí ẹrù. Ìyá ọmọ, mi ò jẹ irú ẹ̀ rí!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú. Ọgbọ́n ọmọ ogún ọdún: mo rò pé bí ó bá jẹ irú ẹran bẹ́ẹ̀ nílé, kò ní rántí ọ̀nà Kútọnu mọ́. Mo ní irú ẹ̀ ni yóò bá nílé.

Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo lọ bá alápatà kan tó gbọ́ èdè wa, mo nawọ́ sí ègé ẹran ńlá kan. Kí n tó lanu, ó ti gbé ọ̀bẹ sókè láti gé e wẹ́wẹ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má gé e. Bó ṣe wà yẹn ni mo fẹ́ ẹ."

Ó wò mí, ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. "Ìyàwó, mélòó lẹ wà nílé?"

"À ń retí àlejò." Ẹ gbọ́ ohun tí mo pe ọkọ mi.

Láàárọ̀ ọdún, mo fi iyọ̀, ayù àti mútáádì pa ẹran náà lára, mo fi okùn dì í. N kò ní fúrù, ààrò bíi ti oníbúrẹ́dì, nítorí náà mo gbé ìkòkò ka èédú, mo dé e, mo kó ẹyin iná sórí ọmọrí. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo fẹ̀sọ̀ mú un títí ara rẹ̀ fi ń dán.

Nílé bàbá mi, baálé ní í fi ọ̀bẹ kan ẹran ọdún. Mo gbé e sórí àwo, mo fi ọ̀bẹ tì í, mo jókòó. Oòrùn kan àtàrí. Oòrùn yẹ̀. Àwọn ará agboolé ń gbé abọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fóònù dún, ọkọ mi ni.

"Ọ̀gá ní a ò lè lọ. Ó di ọdún tuntun. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"A ti jẹun." Irọ́ ni. Kò bèèrè bóyá ọmọ ti ń rákò. Èmi náà ò sọ.

Ìyá onílé, àgbàlagbà Mahi tó máa ń fi èdè wa díẹ̀ lú tirẹ̀, ló gbé abọ́ iyán wọlé. Ó rí ẹran, ó rí ọ̀bẹ, ó rí ojú mi.

"Ta lò ń dúró dè?"

"Bàbá ọmọ ni, Màmá. Kò wá mọ́."

Ó pòṣé. "Ẹran tó bá ń dúró de ẹni tí kò sí nílé, eṣinṣin ni yóò jẹ ẹ́. Da iyán sínú àwo rẹ, kí o fún mi ní abọ́ mi."

Ó nawọ́, ó ń dúró. Láti Bantè títí dé Savalou, a kì í dá abọ́ ọdún padà lófìfo, kò sì sí nǹkan mìíràn nílé mi ju ẹran yẹn lọ. Bí mo ṣe mú ọ̀bẹ nìyẹn. Okùn já. Ẹran ti gbẹ létí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì rọ̀. Mo gé e bí ẹni tó ń jalè, mo bù ú sínú abọ́ Màmá. Ó gbé ègé kan sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́.

"Ó dùn. Iyọ̀ ló kù."

Ẹkún ni mo fẹ́ sun, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi àti ọmọ mi jókòó ti ìyókù. Mo ń fi ìka tọ́ omi ẹran sí i lẹ́nu, ó ń lá ètè.

Ọmọ ti ń rìn kí ọkọ mi tó dé. Ó bèèrè ẹran Nọ́ẹ́lì náà, mo ní ó ti tán. A ò tún sọ ọ́ mọ́. Bantè ni èmi àti ọmọ mi ń gbé báyìí; òun ṣì wà ní Kútọnu. Bí ọdún bá dé, mo ṣì ń ra ẹran. Alápatà á gbé ọ̀bẹ sókè, n kì í di ọwọ́ rẹ̀ mú mọ́. "Ẹ gé e wẹ́wẹ́," mo máa ń wí, "abọ́ tí mo fẹ́ bù ú sí pọ̀." Ṣùgbọ́n kí ọ̀bẹ tó balẹ̀, mo máa ń wò ó díẹ̀, bó ṣe wà lódidi.