Ìpéǹpéjú Ẹ̀gbọ́n Mi

Télọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ojoojúmọ́ ló ń jágbe mọ́ àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀: “Ẹ ṣẹ́ aṣọ kù sínú ojú rírán! Èyí tẹ́ ẹ bá gé dànù, ta ló máa dá a padà?”

Nígbà tí ìpéǹpéjú tirẹ̀ ń wọ́ sílẹ̀, ó ní ó ń sọ òun di arúgbó. Dókítà ní díẹ̀ lòun máa gé, kí ojú lè máa padé. Olórí kunkun fárígá pé àfi kí wọ́n gé gbogbo ibi tó wọ́ sílẹ̀. Wọ́n gé e.

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ojú náà kì í padé mọ́, ó ń gbẹ, ó ń ta á, kò ríhò abẹ́rẹ́ mọ́. Tó bá sùn lọ́sàn-án, ọmọ rẹ̀ kékeré á dúró tì í, á máa sunkún: “Màmá, ẹ ṣáà ń wò mí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò dá mi lóhùn?”