Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn Ilé Ẹlẹ́yẹlé

Òórùn èlùbọ́ àti ata gbígbẹ láti ọjà Bódìjà ló máa ń gba ojú fèrèsé wọ yàrá kọ̀ǹpútà wa, tí yóò wá dà pọ̀ mọ́ èéfín jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri. Ọ̀rẹ́ mi, títí di òní, bí òórùn méjèèjì yẹn bá pàdé nímú mi, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó rántí pé kò sí nǹkan kan. O mọ̀ mí, o mọ̀ pé ojo ni mí, èmi tí mo máa ń yẹ ilẹ̀kùn wò lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè sùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹ̀rù ojo. Ẹni tó gbójú jù lọ láyé, bó bá rí ohun tí mo rí lójú kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, yóò wá ibi jókòó sí.

Iṣẹ́ tí obìnrin tó ni ilé-ìwé wa gbé lé mi lọ́wọ́ ló fà á. Àwòrán ilé àti ti ẹ̀rọ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì, èyí tá a máa ń fi rúlà gígùn àti pẹ́ńsù yà lórí pákó. Màmá, bí gbogbo wa ṣe ń pe obìnrin náà, ní ẹ̀ka mìíràn ní Ring Road àti ní Challenge. Wọ́n gbọ́ pé àwọn ilé-ìwé kan ti ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán tí ènìyàn lè yí po, kó wo iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti inú rẹ̀, bí ẹni gbé ohun ìṣeré lọ́wọ́. "Tiwa náà gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní táàmù tó ń bọ̀," ni wọ́n wí. "Ìwọ àti Alfa, ẹ dán wọn wò fún mi. Èyí tẹ́ ẹ bá mú ni gbogbo ẹ̀ka á máa lò." Alfa ni olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa, ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé, ènìyàn pẹ̀lẹ́. Kò sí ohun tó ń mú un sáré láyé yìí àfi ìrun Jímọ̀.

Mẹ́ta la dán wò. Àkọ́kọ́ wúwo ju agbára kọ̀ǹpútà wa lọ. Bí ọmọ méjì bá ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ á dákú, Alfa á sì máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ ọkọ̀ tó kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Èkejì kò ní wàhálà, kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì rárá, àmọ́ ilé tó bá yà, páálí ìṣáná lásán ni. Ẹ̀kẹta ló gba ọkàn wa. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wà, kò wúwo, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ rekete. Ọmọ lè gba ẹnu ọ̀nà wọ inú ilé tó yà, kó rìn láti pálọ̀ dé kíṣìn, kó yọjú lójú fèrèsé. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo pariwo bí ọmọdé. Kí n lè mọ bó ṣe wúlò tó, mo ní kí àwọn ọmọ SS2 ya ilé tí wọ́n ń gbé. "Bó ṣe rí gan-an ni kẹ́ ẹ yà á o," mo kìlọ̀ fún wọn. "Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé orí ilé tí ò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì."

Wọ́n yà á lóòótọ́. Wọ́n fi téèpù wọn ilé wọn. Wọ́n ya táńkì omi, wọ́n ya kànga, wọ́n ya ibi tí ajá ń sùn. Ẹnìkan tilẹ̀ kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" sára ògiri tirẹ̀, bó ṣe wà níta gẹ́lẹ́, a sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àmọ́ ìwọ náà mọ Ìbàdàn. Níbí, kì í ṣe nọ́ńbà ojúlé la fi ń wá ènìyàn, orúkọ ilé ni. Bó o bá ti mọ orúkọ ilé, ẹni tó o bá kọ́kọ́ pàdé ní títì á júwe rẹ̀ fún ọ. Nítorí náà, orúkọ ilé ni àwọn ọmọ fi pe àwòrán wọn. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń júwe ara wọn láti kékeré nìyẹn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn, ọmọ jẹ́jẹ́, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n ń gbé, àwọn àti ìyá àgbà. Tirẹ̀ ló dára jù. Ó ya igi máńgòrò, ó ya àga ìyá àgbà sábẹ́ rẹ̀, ó ya gbogbo yàrá. Kódà ó ya ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó wá ṣí i sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò tì í, ó ní, "Àǹtí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Òkúta la fi máa ń tì í." Mo ní kí gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́ fún un. Tirẹ̀ ni mo fẹ́ fi han Màmá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo jókòó láti ro ohun tí mo máa sọ fún Màmá ní Mọ́ńdè. Ọmọ yẹn kò wá sílé-ìwé. Mi ò kà á sí, mo rò pé ibà ni. Mo ṣí àwòrán rẹ̀, mo ń rìn kiri inú rẹ̀, mo ń gbádùn ara mi, àfi bí mo ṣe rí àmì kékeré kan nísàlẹ̀ tí mi ò kíyè sí tẹ́lẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan tó pe ara rẹ̀ ní Ejò Dúdú, tó gbé àwòrán ẹni tó fi aṣọ bo imú bo ẹnu síwájú orúkọ rẹ̀, ti kọ nǹkan sábẹ́ ilé ọmọ náà ní àná. Yorùbá ló sì fi kọ ọ́. Bó bá jẹ́ òyìnbó ni, bóyá ọkàn mi ì bá balẹ̀ díẹ̀, torí òyìnbó jìnnà.

"Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yìí kò tíì ṣeé tì di ìsinsìnyí?" ni ohun tó kọ. Lábẹ́ rẹ̀, ó tún kọ ọ́ pé: "Ẹnìkan ń bọ̀ níbẹ̀ lọ́la. Ọ̀sán ló máa dé."

Ọmọ náà ti dá a lóhùn. "Ó dáa," ló kọ. "Ìyá àgbà nìkan ló máa wà nílé."

Yéè, mo gbé! Láyé tá a wà yìí, tí wọ́n ń jí ènìyàn gbé bí ẹni jí adìyẹ, tá ò lè gbé fóònù tá ò bá mọ ẹni tó ń pè! Mo ronú kan àwọn oníṣẹ́ ibi tó máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn fa ojú ọmọ mọ́ra, títí ọmọ á fi ṣílẹ̀kùn fún wọn fúnra rẹ̀. Ọ̀la tó wí yẹn, òní ni. Oòrùn ọ̀sán tó wí yẹn ló sì ń ràn lójú fèrèsé yẹn. Mo pe fóònù ìyá ọmọ náà, ó dún dún dún, kò gbé e. Mo tún pè. Kò gbé e.

Alfa ń ti ibi àlùwàlá bọ̀, omi ṣì ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. Mo nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Ó kà á, ó tún un kà. Ó tẹ ibí, ó tẹ ọ̀hún, ojú rẹ̀ wá yí padà. "Àǹtí, gbangba ni gbogbo ẹ̀ wà," ló wí. "Bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyí. Ohun tí ọmọ bá ti yà síbẹ̀, gbogbo ayé ló ń rí i, àfi téèyàn bá lọ tì í fúnra ẹ̀. Wọn ò sì sọ fún wa." Mo ní kó pa á rẹ́, kó pa ti gbogbo àwọn ọmọ rẹ́. Ó pa wọ́n rẹ́. "Àmọ́ ẹni tó ti rí i ti rí i," ló wí, ó sì mú fìlà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Mo ní ká pe ọlọ́pàá. Ó ní kí la fẹ́ sọ fún wọn, ṣé pé ejò kọ̀wé sábẹ́ àwòrán? Ọlọ́run ló mọ̀ bí ẹ̀rù ṣe túbọ̀ bà mí nígbà tí mo rí i pé Alfa ti gbàgbé ìrun Jímọ̀.

Takisí la wọ̀. Ọ̀nà Sángo dí pa, àwọn ènìyàn ń wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú ẹní ìkírun léjìká. Èmi ń pe Jésù lábẹ́ ẹnu, Alfa ń fa tẹ̀sùbáà. Dírẹ́bà wò wá nínú dígí. "Ẹ̀yin ará ọ̀run yìí, ṣé kò sí nǹkan o?" ló bi wá. Gbogbo ohun tí mo ń rí ni àga yẹn lábẹ́ igi, àti arúgbó tó jókòó sórí rẹ̀, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kọ sí ilẹ̀kùn tí òkúta ń tì.

Nígbà tá a dé Ẹlẹ́yẹlé, mo bi ọlọ́kadà kan. Orúkọ ilé nìkan ni mo dá. Kò bi mí ẹni tí mo jẹ́, kò bi mí ohun tí mo ń wá lọ. "Ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ máa rí igi máńgòrò," ló wí. Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀!

Mi ò dé ilé yẹn rí láyé mi, àmọ́ mo mọ̀ ọ́n. Géètì rèé, táńkì rèé, fèrèsé tí kò ní irin rèé. Àga ìyá àgbà wà lábẹ́ máńgòrò, kò sẹ́ni lórí rẹ̀. "Àgò onílé o!" Alfa kígbe. Kò sẹ́ni tó dáhùn. A wá gbọ́ ìró irin láti ẹ̀yìn, kọ̀ọ̀, kọ̀ọ̀. Èmi ni mo ṣáájú, torí mo mọ̀nà. Mo gba ẹ̀gbẹ́ táńkì, mo yọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì rí ilẹ̀kùn náà ní ìdùbúlẹ̀ lórí ilẹ̀. Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan dúró síbi tí ilẹ̀kùn ti ṣí kúrò, irin gígùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olè o!" Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀. Alfa, ènìyàn pẹ̀lẹ́, ti gbé òkúta tí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn sókè. Àwọn aládùúgbò ti ń yọrí lórí ògiri, ọ̀kan sì ti ń fò ó wọlé pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ju irin sílẹ̀, ó wólẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí, iṣẹ́ ni wọ́n ní kí n wá ṣe!" Ìwọ náà mọ ohun tí igbe olè lè dà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ nílùú yìí. Ẹ̀rù mìíràn tún mú mi lórí ẹ̀rù àkọ́kọ́.

Ohùn kan wá jáde láti inú kíṣìn. "Ta ló ń pariwo lé káfíńtà mi lórí?" Ìyá àgbà ni, tàwọn ti àwo ẹ̀pà lọ́wọ́. Ọmọ náà wà lẹ́yìn wọn, ó wo èmi, ó wo Alfa pẹ̀lú òkúta, ó sì kúnlẹ̀. "Àǹtí, ẹ káàsán mà."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Kánádà ni Ejò Dúdú. Orúkọ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà nìyẹn, àbí o ò rí nǹkan! Ọmọ náà kò ní fóònù tirẹ̀, ló bá ń ti yàrá kọ̀ǹpútà wa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lábẹ́ àwòrán. Bí ẹ̀gbọ́n ṣe rí i pé ilẹ̀kùn ṣì wà bó ṣe fi í sílẹ̀ ló wá káfíńtà. "Mo sọ fún un pé Ìyá àgbà nìkan ló máa wà nílé, kó lè sọ fún káfíńtà pé kó kanlẹ̀kùn dáadáa, torí etí wọn," ni ọmọ náà wí. "Nígbà tó yá, mo rò ó pé kò yẹ kí n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú ẹni tá ò mọ̀. Ìyẹn ni mi ò ṣe wá sílé-ìwé." Nínú gbogbo wa, ọmọ yẹn nìkan ló ronú.

Mo bẹ káfíńtà títí. Ìyá àgbà fà mí jókòó sórí àga wọn, wọ́n da ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. "Tíṣà, jókòó, fọkàn balẹ̀." Wọ́n ní ọmọ ọmọ àwọn sunkún lórí fóònù lálẹ́ àná, pé òun rí àga àwọn lábẹ́ máńgòrò, òun sì rìn wọ yàrá òun. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò nílé. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yí padà di ẹkún. Alfa béèrè omi àlùwàlá, ó lọ kírun ọ̀sán nínú pálọ̀ dípò Jímọ̀ tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ tí mò ń jẹ ẹ̀pà, ẹ̀rù náà kò lọ. Èmi náà ti gba inú àwòrán wọ ilé onílé, mo sì dé ẹ̀yìnkùlé wọn láì ṣìnà.

Ní Mọ́ńdè, Màmá bi wá èyí tá a mú. Mo ní èyí tó ń ya páálí ìṣáná. "Èyí tó rẹwà yẹn ńkọ́?" ni wọ́n bi mí. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n béèrè bóyá ilé tiwọn wà níbẹ̀, torí ọmọ ọmọ wọn wà ní SS2. Mo ní ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Ọmọ yẹn nìkan lọ̀rọ̀ náà dùn. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń wọ ilé náà lójoojúmọ́, ó kàn dé lọ́jọ́ Jímọ̀, kò bá ilé mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tì í tó fi tún un yà nínú páálí ìṣáná, Alfa sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun nìkan. Ẹ̀gbọ́n náà fèsì pé igi máńgòrò ò jọ igi, àmọ́ òun dá àga ìyá àgbà mọ̀.

Mo máa ń dúpẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ọmọ ló wọlé lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí òórùn èlùbọ́ àti èéfín yẹn bá ti kàn mí, ohun tó máa ń wá sọ́kàn mi ni pé ilẹ̀kùn tó gbà wọlé kò bi í pé ta ni.