Máàpù Tó Mú Wa Dé Odò Ẹ̀yìn Mówè

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹja pípa ní Ifọ̀ gbà mí ná, kí wọ́n fi wò mí bóyá mo lè ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀hún ni kí n wo máàpù, kí n wá odò tí kì í ṣe ti ẹbí kankan, tí ẹnikẹ́ni lè ju ìwọ̀ sí. Ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Kúkọ̀yí, ní tí mo bá rí ẹyọ kan péré kí oṣù tó parí, mo ti wọlé. Tí mi ò bá rí i, kí n lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán.

Máàpù yẹn dùn mọ́ mi jù. Ìlà búlúù tó lọ gbọọrọ, omi tí kì í gbẹ ni. Èyí tí wọ́n gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, omi òjò ni. Mo yan gbọọrọ kan lẹ́yìn Mówè, inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun àárọ̀.

Ọ̀gá fi alùpùpù gbé mi lọ. Omi wà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti ta màrìwò sórí ẹ̀ láti igi kan sí èkejì. Ta ni ò mọ ìyẹn? Ẹbí kan ló ni ín, wọ́n ti tì í di ọjọ́ ìpẹja wọn. Ọ̀gá ṣí fìlà, wọ́n ní, "Bísí, ṣé máàpù ẹ ò rí màrìwò ni?"

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún náà ń gbọ̀n mí.

Ìyá àgbà kan ń fọ ẹ̀gẹ́ létí omi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo bi wọ́n bóyá gbogbo odò náà ni ti ẹbí wọn. Wọ́n ní rárá, tiwọn parí níbi tí odò kejì ti wọnú ẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ti gbogbo ayé ni. Àmọ́ katakata àwọn tó ń la ọ̀nà márosẹ̀ ti wọ́ iyẹ̀pẹ̀ dí ọ̀nà ibẹ̀, ìyá náà ò sì mọ ọ̀nà míì.

Mo tẹ́ máàpù sórí koríko. Ibi tí búlúù méjì ti pàdé rèé. Àwọn ìlà tó fún mọ́ra wọn, òkè nìyẹn, ọ̀nà oko tín-ín-rín kan sì gba ẹ̀yìn ẹ̀ lọ síbẹ̀.

"Tá a bá sọnù ńkọ́?" Ọ̀gá bi mí.

"A ò ní sọnù, sà. Ìka mi wà lórí ibi tá a wà."

Ìka yẹn ò kúrò lórí máàpù títí a fi gbọ́ ìró omi. Kò sí màrìwò kankan. A tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá kan tó ń ju àwọ̀n, wọ́n ní ta la tún ń tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, ká ju ìwọ̀ wa. Ọ̀gá jù ú, epìyà ńlá gbé e mì, ó ń jà fìtàfìtà lọ́wọ́ wọn.

"Wọ́n ti gbà ẹ́," ni Ọ̀gá wí. "Tó bá di Mọ́ńdè, wàá bá wa wá odò ti Ìbafò."

Mo ní kí ló dé tó fi máa di Mọ́ńdè, ṣebí ilẹ̀ ò tíì ṣú.