Owó Orúkọ: Ọ̀rọ̀ Wàsílátù Oyèdèjì àti Àwọn Tó Ń Ka Ìwé Rẹ̀ Ṣáájú

Wàsílátù Oyèdèjì, ọmọ ọdún méjìlélógójì, òǹkọ̀wé tí ń gbé ní Itamaga ní Ìkòròdú, ti tú Ẹgbẹ́ Akàṣáájú rẹ̀ ká, àwọn òǹkàwé tó ń sanwó ka ìtàn rẹ̀ kó tó di ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kọ ọ̀rọ̀ ṣókí síbẹ̀ pé òun dúpẹ́, pé òun kò ní í fi orí ìwé kankan ránṣẹ́ mọ́, àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó sí àkáǹtì òun mọ́. Lẹ́yìn náà ló yọ gbogbo wọn kúrò lórí wásáàpù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi ku òun nìkan. Ọdún mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà fi bọ́ ọ. Nínú rẹ̀ ni owó ilé-ìwé Aisha, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti ń jáde, ibẹ̀ náà sì ni ìdajì owó ilé ti ń wá.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i. Ọkọ rẹ̀, Bàdírù, ló mú un wá sí Ìkòròdú, nítorí pé owó ilé ibẹ̀ kò ga bíi ti àárín Èkó. Iṣẹ́ akọ̀wé ni Bàdírù ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilẹ̀ kì í mọ́ bá a nílé, àárẹ̀ ló sì máa ń gbé e padà wá. Wàsílátù ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nígbà yẹn, ó sì ń kọ ìtàn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí kò sí nínú ètò ẹ̀kọ́ ìjọba, owó ara rẹ̀ ni yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ìwé méjì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ ṣì wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn. Eku ti jẹ nínú wọn.

Bísọ́lá ló mú ọgbọ́n mìíràn wá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, ọmọ Ìkìrun, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí gáréèjì Ìkòròdú, tó sì máa ń bá a to ìwé rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Bísọ́lá ní kí àwọn òǹkàwé máa sanwó ṣáájú, kí wọ́n sì máa ka ìtàn ṣáájú pẹ̀lú, orí kan ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì, bó bá ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ọ́. Wàsílátù ní ta ni yóò sanwó lórí ìwé tí òun fúnra òun kò tíì mọ bí yóò ṣe parí.

"Wàsí," ni Bísọ́lá wí, "àwọn tó ń san owó orí ìyàwó, ṣé wọ́n ti ka ìyàwó tán ni?"

Ó pa Wàsílátù lẹ́rìn-ín, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀.

Ní ọdún kejì ni wọ́n dá owó orúkọ sílẹ̀. Òǹkàwé tó bá fi nǹkan kún owó rẹ̀, Wàsílátù yóò fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹnì kan nínú ìtàn. Àmọ́ ẹni náà kò ní í mọ ohun tí wọn yóò fi òun ṣe. Bó bá di ọba, kó gbà. Bó bá di aṣiwèrè, kó gbà. Ibẹ̀ gan-an ni adùn rẹ̀ wà. Tàófíìkì, àgbẹ̀ kan ní Imota, san owó tirẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ìtàn bí ẹni tó ń jí ewúrẹ́ gbé. Fún oṣù kan gbáko, bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń kí i nìyí bó bá ti oko dé: "Olè mi, ẹ káàbọ̀. Èwo lẹ rí kó lónìí?" Tàófíìkì ló sọ èyí fún ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ó ní òun kò tíì gbayì tó báyìí rí nílé ara òun.

Ẹ̀kọ́ òdì ni Wàsílátù kọ́ nínú ẹ̀rín yẹn. Ó rò pé ẹni tó bá ti gbé orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ti gbé gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbàgbé pé olè jíjà ṣeé fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n pé ohun kan wà tí àwa kì í fi ẹnu wa so mọ́ orúkọ ẹni tó wà láàyè, kódà nínú eré.

Waliyah wọ inú ẹgbẹ́ náà ní ọdún tó kọjá. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni ní Ẹ̀pẹ́, Alhaja Fàlílátù tó ń yan ẹja ló bí i, Ùsmán sì ni ọkọ rẹ̀. Ó san owó orúkọ, Wàsílátù sì fi orúkọ rẹ̀ sọ ìyàwó ilé kan nínú ìwé rẹ̀ kẹfà, obìnrin ẹlẹ́nu mímú tí kì í gba ìgbàkugbà. Gbogbo ẹgbẹ́ ló fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà tí ìtàn dé orí kẹrìnlá, Waliyah inú ìwé rọbí, ó sì kú sórí ìkúnlẹ̀, òun àti ọmọ. Wàsílátù fúnra rẹ̀ sunkún bó ti ń kọ ọ́. Ó mọ̀ pé òun kò tíì kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí orí yẹn jáde ni Waliyah pè é.

"Àǹtí, ẹ ti pa mí o," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Wàsílátù náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kó má bínú, ikú inú ìwé kì í dun ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ẹ bá mi yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀. Ẹ fi orúkọ mìíràn sí i. Mi ò ní kí ẹ dá owó mi padà."

"Kí ló dé? Odidi tíṣà, ṣé ìwọ náà ń bẹ̀rù àfọ̀ṣẹ ni?"

Waliyah dákẹ́. "Kò sí nǹkan, mà," ló wá wí. "Ẹ kàn bá mi yọ ọ́ ni."

Kò lè sọ ọ́. Oyún tí èèyàn fi ọdún mẹ́fà wá, a kì í sọ ọ́ létí ẹni tí a kò rí ojú rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé kó jẹ́ kí ikùn fúnra rẹ̀ ròyìn ara rẹ̀. Wàsílátù tó ti bímọ rí, tó sì pa ti Aisha mọ́ títí ó fi di oṣù karùn-ún, ìbá ti gbọ́ ohun tó wà nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn tó sanwó. Wọ́n ti ka orí náà láti àná. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń yìn ín. Bó bá yí orúkọ padà lójijì, ṣé wọn kò ní í sọ pé kò mọ ìtàn ara rẹ̀ ni? Ohun tí wọ́n sì ti kà, ta ni yóò gbà á padà lójú wọn? Ó ní kí Waliyah fara balẹ̀, pé òun yóò yí i bó bá di ìwé.

"Bó bá di ìwé," ni Waliyah tún sọ. Ó dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ìtàn ń bá a lọ. Orí tó tẹ̀ lé e ni ìsìnkú, èyí tó tún tẹ̀ lé e ni ẹkún ọkọ. Ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì ni orúkọ náà ń tún kú. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ọ́ di eré, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ Waliyah pé, "Olóògbé, báwo ni ọ̀hún?" Wọ́n ń kí i kú ìnáwó ìsìnkú ara rẹ̀. Kò dá wọn lóhùn rí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀rọ̀ jáde láti orí fóònù rẹ̀ sínú ẹgbẹ́. Ùsmán ló kọ ọ́. Ó ní òun ni ọkọ Waliyah, pé ìyàwó òun bí obìnrin ní òwúrọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ kò dá, pé ilé ìwòsàn kò ní ẹ̀jẹ̀ irú tirẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n tó wá a rí, ó ti lọ. Ó ní ọmọ wà láàyè. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun kò mọ àwọn tí òun ń bá sọ̀rọ̀, ibi tí fóònù ṣí sí ni òun ń kọ ọ́ sí.

Àwọn kan kọ ìnnà lílláhi. Àwọn kan ní àwàdà náà ti pọ̀ jù. Nígbà tó yá, wọ́n gbà pé òótọ́ ni, kò sì sí ẹni tó kọ nǹkan kan mọ́.

Ṣùgbọ́n ìròyìn kì í jókòó sójú kan. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, fóònù Bísọ́lá kò sinmi mọ́. Àwọn tí kò ka ìwé Yorùbá láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ilé-ìwé ń béèrè bí wọ́n ṣe lè sanwó wọlé, kí àwọn náà lè ka orí kẹrìnlá. Wọ́n ti gbọ́ pé òǹkọ̀wé kan wà ní Ìkòròdú tó kọ ikú ẹnì kan, tó sì ṣẹ. Àwọn tó sanwó ní ọjọ́ díẹ̀ yẹn pọ̀ ju àwọn tó wọlé ní ọdún kan lọ.

Bísọ́lá mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Itamaga. Ẹ̀rù ń ba òun náà, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe àwọn ló pa Waliyah, àti pé owó ilé ti tó san.

"Ikú ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń sanwó wò," ni Wàsílátù dá a lóhùn. "Dá a padà fún wọn."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Bísọ́."

Ọ̀rọ̀ tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà náà kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Kò gbà pé kálàmù òun pa ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń wò ni ìdí tí kò fi yí orúkọ kan ṣoṣo padà, iṣẹ́ tí kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti gba owó orí kẹẹ̀ẹ́dógún kó tó ronú lórí orí kẹrìnlá. Ẹni tó bá ti jẹ oúnjẹ ọ̀la kò lè dá ọwọ́ dúró lónìí. Ó sọ fún Bísọ́lá pé bí òun bá tún kọ ìwé, òun yóò kọ́kọ́ kọ ọ́ tán, òun yóò gbé e sílẹ̀ kó tutù. Ẹni tó bá fẹ́ kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé lè sanwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó ka gbogbo rẹ̀. Orúkọ ẹnikẹ́ni kò tún ní í jẹ́ títà. Bísọ́lá ní ìyẹn dára, ṣùgbọ́n kí ni wọn yóò máa jẹ títí ìwé yóò fi tutù? Nígbà tí Bàdírù dé láti ibi iṣẹ́, ó kàn wí pé òun yóò bá onílé sọ̀rọ̀, ó sì lọ dùbúlẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lára.

Nǹkan kan ṣì kù. Lórí ilẹ̀ ayé, Wàsílátù nìkan ló mọ̀ pé Waliyah bẹ òun. Ùsmán kò mọ̀. Alhaja kò mọ̀. Bó bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilẹ̀ pẹ̀lú òkú.

Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé èyí tó tú ẹgbẹ́ ká, ó wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́ ní gáréèjì, ó sì béèrè ọ̀nà títí ó fi dé ilé Alhaja Fàlílátù, lẹ́bàá ọ̀sà. Obìnrin náà jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ń wẹ ọmọ tuntun lórí wọn. Ilé ìyanja rẹ̀ ṣófo, kò sí iná lábẹ́ àwọn asẹ́ irin. Wàsílátù kúnlẹ̀, ó sọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi ti Aisha ọmọ rẹ̀ kún un. Alhaja wò ó, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ní òun ti gbọ́ nípa ìwé náà, pé àwọn ará àdúgbò ti wá kà á fún òun, kódà àwọn tí òun kò bẹ̀.

"Ó pè mí, mà," ni Wàsílátù wí. "Lọ́jọ́ kejì tí mo kọ ọ́. Ó bẹ̀ mí kí n yọ orúkọ òun. Mi ò yọ ọ́."

Alhaja bu omi sí orí ọmọ náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Kí ló wá dé tí o fi ń sọ ọ́ fún mi?"

"Bí mi ò bá sọ ọ́, bí ẹ bá tilẹ̀ dárí jì mí, ohun tí ẹ ò mọ̀ lẹ ó máa dárí rẹ̀ jì mí."

Ìyá àgbà náà fi aṣọ nu ọmọ, ó fi òróró pa á lára láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó fi aṣọ wé e. Kò kánjú. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Ìyá Aisha. Ṣé Aisha lo pe ti ẹ? Mi ò sọ pé o pa ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ ló pa á. Àmọ́ ẹ̀rù bà á ní gbogbo oṣù tó kù fún un láyé. Òru ló máa ń jí, á ní òun lálàá. Mo bi í títí, kò sọ fún mi. Èmi ìyá rẹ̀ ò mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ìwọ mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Dìde. Ilẹ̀ yẹn le."

Wàsílátù kò dìde. Alhaja kò tún sọ pé kó dìde. Ó gbé ọmọ náà lé èjìká, ó ń fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó sì ń wo ojú omi. Ó ní òun kò ní í dá ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, nítorí pé òun nìkan kọ́ ló ni òkú. Ó ní kí Wàsílátù padà wá ní ọjọ́ fìdáù ogójì ọjọ́, nígbà tí àwọn àlùfáà bá ti ṣe àdúà tán, kó sọ ọ́ níwájú Ùsmán àti àwọn ẹbí bó ṣe sọ ọ́ fún òun, kó má yọ nǹkan kan kúrò. Bí wọn yóò bá dárí jì í, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́. Bí wọn kò bá ní í dárí jì í, ibẹ̀ náà ni.

Wàsílátù béèrè bóyá kí òun mú nǹkan kan wá fún àdúà. Alhaja ní kó má mú nǹkan kan wá.

Fìdáù náà bọ́ sí ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, nínú ọgbà ilé Alhaja Fàlílátù ní Ẹ̀pẹ́.