Àwọn Oyin Tó Ń Dúró De Ara Wọn

Ìyá Olóyin là ń pe àbúrò mi obìnrin nílé, bẹ́ẹ̀ kò sin oyin rí. Tó bá gbọ́ ìró oyin kan ṣoṣo, eré ló máa sá. Inú kọ̀ǹpútà ni oyin tirẹ̀ wà. Ó kọ ètò kan fún ilé ìwòsàn tó ń bá ṣiṣẹ́: ọgbọ̀n oyin àfarawé á jáde lọ wá ọ̀nà tó yá jù tí ọkọ̀ lè gbà pín ẹ̀jẹ̀ káàkiri, wọ́n á padà wá ròyìn fún ara wọn, wọ́n á tún jáde.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé aago méje àárọ̀ lọkọ̀ ń gbéra, aago mẹ́jọ sì ni ètò ń parí. Ọ̀gá rẹ̀ kò fepo bọyọ̀: tí kò bá yá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á padà sí fífọwọ́ ya ọ̀nà sórí bébà, kí àbúrò mi náà wá iṣẹ́ mìíràn. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Òfin màmá wa sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ròyìn nídìí oúnjẹ àfi tí gbogbo ilé bá pé. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, a jókòó, a panu mọ́, à ń retí àbíkẹ́yìn wa. Oúnjẹ tutù, inú bẹ̀rẹ̀ sí bí mi. Aago mẹ́jọ ló tó wọlé, ó ní afárá ló dá òun dúró. Afárá odò ni o, kì í ṣe ti oyin.

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Láti aago mẹ́rin ni mo ti rí i pé wọ́n tì í pa."

"Ẹ mọ̀, ẹ ò sì pè mí kí n gba ọ̀nà mìíràn?"

"Ìwọ náà la ń dúró dè kí n tó lè sọ ọ́!"

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Olóyin ní tirẹ̀ fò dìde. "Ẹ gbà mí! Ohun tí mò ń fojú àwọn oyin mi rí nìyẹn!"

Oyin mọ́kàndínlọ́gbọ̀n á ti dé, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á máa retí ẹyọ kan tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Àbúrò mi yí ètò náà padà: èyí tó bá dé, kó kọ ìròyìn rẹ̀ sójú pátákó kan tí gbogbo wọn ń rí lójú ẹsẹ̀, kí èyí tó ń jáde kà á. Lọ́jọ́ kejì, oyin méjì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan pa ti ìkejì rẹ́. Ó wá ṣe é bí ẹni pé ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ló wà nílé: ẹni tí kò bá mú un lọ́wọ́ kò lè kọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ètò parí. Ọ̀gá wo aago ògiri, ó tún wo tọwọ́ rẹ̀. "Ẹ gbé e fún àwọn awakọ̀ kíá," ló sọ. Àbúrò mi kò dúró dìrọ̀lẹ́ kó tó pè mí. Inú mi dùn débi pé mo jó lójú títì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò tíì bọ́ bàtà tán tí màmá fi dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́.

"Ọkọ mi, kí lo rí lọ́nà? Tètè wí kí n pè é, àbíkẹ́yìn wa ṣì wà níta."